Ìkarahun Kékeré Tó Mọ Ìtàn Òjò Wa

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lónìí: báwo lèèyàn ṣe lè mọ̀ bóyá òjò rọ̀ dáadáa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ọdún 10,000 sẹ́yìn? Kò sẹ́ni tó ń wọn òjò nígbà yẹn, kò sì sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Síbẹ̀, àkọsílẹ̀ wà. Inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ló wà.

Àwọn ohun abẹ̀mí kan ń gbé inú òkun tí wọ́n ń pè ní foraminifera. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni ara wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì ju horo iyanrìn lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìkarahun bí ìgbín, inú omi tó yí wọn ká ni wọ́n sì ti ń rí ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ọ. Tí wọ́n bá kú, ìkarahun á rì lọ sísàlẹ̀, tuntun á sì máa bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀. Ẹ mọ bí fọ́tò inú fóònù yín ṣe máa ń tọ́jú ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti yà á? Bẹ́ẹ̀ náà ni ìkarahun kọ̀ọ̀kan ṣe tọ́jú ìròyìn omi ìgbà ayé rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ka ìròyìn yẹn? Ọ̀nà mẹ́ta ni màá sọ.

Àkọ́kọ́ ni ọ́síjìn. Nínú omi, ọ́síjìn kan fúyẹ́, òmíràn wúwo díẹ̀. Èyí tó fúyẹ́ ni oòrùn tètè ń fà lọ sókè. Nígbà tí òtútù ńlá mú ayé, ọ̀pọ̀ omi tí oòrùn fà di yìnyín lórí ilẹ̀, kò padà sínú òkun. Ọ́síjìn tó wúwo wá pọ̀ sí i nínú òkun àti nínú ìkarahun. Ní 1955, Cesare Emiliani fi ọ̀nà yìí hàn pé òtútù ńlá yẹn wá, ó lọ, ó sì tún padà wá lọ́pọ̀ ìgbà. Ìṣòro kan ló kù: tí omi bá tutù, ìyẹn náà ń mú kí ọ́síjìn wíwúwo pọ̀ nínú ìkarahun. Èwo ni ti yìnyín, èwo ni ti omi tútù?

Magnesium ló bá wa yanjú ìyẹn, òun sì ni ọ̀nà kejì. Bí omi bá ṣe gbóná sí i, bẹ́ẹ̀ ni magnesium ṣe ń pọ̀ sí i nínú ìkarahun. Ẹ yọ ti ooru kúrò, ẹ ó mọ èyí tó kù.

Ẹ̀kẹta ni barium, èyí tó kàn wá jù. Odò ló ń gbé e láti orí ilẹ̀ wá sínú òkun. Bí òjò bá pọ̀, odò á kún, barium á pọ̀ sí i nínú omi tó wà nítòsí ẹnu odò, ìkarahun á sì gbà á sára.

Ní 2007, Syee Weldeab àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Ẹrẹ̀ tí ọkọ̀ ojú omi kan fi páìpù gígùn fà jáde nínú òkun Kamẹrúùnù ni wọ́n lò, níbi tó jìn ju mítà 1,200 lọ. Omi Odò Ọya wà lára èyí tó ń dé ibẹ̀. Ìtàn ọdún 155,000 ni wọ́n kà nínú ẹrẹ̀ náà.

Kí ni wọ́n rí? Ìgbà kan wà, tó parí ní nǹkan bí ọdún 5,000 sẹ́yìn, tí òjò pọ̀ gan-an. Oòrùn inú oṣù kẹfà sí ìkẹjọ mú apá àríwá ayé ju ti òde òní lọ, ilẹ̀ gbóná, ó sì fa afẹ́fẹ́ olómi wọlé láti orí òkun. Koríko hù ní Sàhárà nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n kí ìgbà náà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 12,900 sẹ́yìn, òtútù ṣàdédé gba apá àríwá Òkun Àtìláńtíìkì. Barium inú ìkarahun wálẹ̀. Òjò wa dín kù, odò fà.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn. Òkun tó wà lẹ́bàá ilẹ̀ yìnyín lọ́hùn-ún tutù, àgbègbè Odò Ọya sì gbẹ. Àgbẹ̀ tó ń wojú ọ̀run ní Jẹ́bà ò lè rí ibi tí ọ̀rọ̀ òjò rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Lónìí, èéfín ọkọ̀, jẹnẹrétọ̀ àti ilé iṣẹ́ ń mú ayé gbóná. Àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò ojú ọjọ́ ò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí bí òjò tiwa yóò ṣe rí. Báwo la ṣe máa dán ìṣirò wọn wò? Kí wọ́n fi ṣírò ayé àtijọ́ ná, ká wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ìkarahun sọ. Èyí tí kò bá lè sọ àná bó ṣe rí, ẹ má tètè gbà á gbọ́ lórí ọ̀la.

Ibi tí mo máa dúró sí lónìí nìyí. Tí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́. Ó dìgbà kan ná.