"Ó Ti Mọ́ Ọn Lára": Ọ̀rọ̀ Lórí Àrùn Ọkà àti Oògùn Tí Kò Lè Pa Á Mọ́

Ní Topo, létí òkun Àgbádárìgì, àgbẹ̀ kan fi ewé àgbàdo rẹ̀ tí àrùn ti bà jẹ́ hàn mí. Ó ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ wò ó. Mo fín oògùn títí, ó ti mọ́ ọn lára. N óò fi kún un ni." Èdè ni iṣẹ́ mi, nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ "mọ́ lára" yìí wò, nítorí àṣìṣe inú rẹ̀ lè ba oko jẹ́.

Bí ọtí bá mọ́ ọ̀mùtí lára, ara rẹ̀ ni ó kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Àwọn olú tíntìntín tí ń fa àrùn ọkà kì í kọ́ oògùn bẹ́ẹ̀. Láàrin àìmọye wọn, díẹ̀ lè wà tí oògùn náà kò lè pa láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Oògùn pa àwọn ìyókù. Àwọn díẹ̀ yìí sì jogún oko.

Ẹ̀rí rẹ̀ nìyí. Ní 1977, àwọn onímọ̀ ní Jámánì yọ èròjà tí a ń pè ní strobilurin lára olú kékeré kan tí ń hù lórí èso igi páìnì. Olú náà fi ń ṣẹ́gun àwọn olú mìíràn, ṣùgbọ́n kò pa òun fúnra rẹ̀, nítorí pé ibi tí èròjà náà máa ń dì mọ́ nínú ara yàtọ̀ lára tirẹ̀. Ìfaradà ti wà kí ilé iṣẹ́ oògùn tó dé. Ní 1996 ni irú oògùn yìí bọ́ sí ọjà. Nígbà tí ó fi di 1998, a ti rí àrùn ewé àlìkámà ní Jámánì tí kò lè pa mọ́. Ìyípadà ẹyọ kan ṣoṣo ni ó fà á.

Òfin yìí kan náà ti gbà wá rí. Ní 1949, àrùn kan tí ń mú ewé àgbàdo pọ́n bí irin tí ó dógùn-ún wá láti Amẹ́ríkà dé Sẹ̀rálíónù. Láàrin ọdún díẹ̀ ó ti kárí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kì í ṣe oògùn ni ó ṣẹ́gun rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní Moor Plantation, Ìbàdàn, wá irúgbìn tí ó lè fara dà á. Àwọn àgbẹ̀ pẹ̀lú ń gbin ọmọ àgbàdo tí ó yè, títí ọwọ́ àrùn náà fi rọ̀.

Ohun tí ó ṣẹ́ kù ni ó ń bí ọ̀la. Bí a bá fi kún oògùn kan náà, àwọn aláìlágbára nìkan ni à ń pa, à ń ro oko fún àwọn alágbára. Ẹ jẹ́ kí a pa oògùn dà, kí a sì ṣa irúgbìn. Kí a má wí pé ó ti mọ́ ọn lára. Àwa ni a ṣà á lẹ́ṣà.