Ìlú Tí Ilé Iṣẹ́ Kan Ti Ń Lo Àjẹkù Èkejì

Kò sí ìyálé ilé kan nínú àwọn tí ń ka ìwé ìròyìn yìí tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ní ohun tí èérí ògì wúlò fún. Nígbà tí ó bá sẹ́ ògì rẹ̀ tán, kì í da èérí náà sí ààtàn, nítorí ẹni tí ń sin ewúrẹ́ ní agbo ilé kejì ti rán ọmọ wá pẹ̀lú igbá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìhá tí ó kù nígbà tí a bá fún epo tán. Ẹni tí ń dáná kì í jẹ́ kí ó ṣòfò. Ṣùgbọ́n bí a bá kúrò ní ẹ̀yìnkùlé, tí a sì dé ọ̀dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá, ọgbọ́n yìí a dàbí ẹni pé ó sọnù. Olúkúlùkù a máa ra ohun tí ó ń lò láti ọ̀nà jíjìn, a sì máa da ìyókù sínú omi tàbí kí ó tú u sí ojú ọ̀run. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ ìtàn ìlú kékeré kan fún yín lọ́sẹ̀ yìí, níbi tí ọ̀ràn kò rí bẹ́ẹ̀.

Kalundborg ni orúkọ ìlú náà. Etí òkun ni ó wà ní ilẹ̀ Denmark, ó tó nǹkan bí 100 kìlómítà sí ìwọ̀ oòrùn Copenhagen tí í ṣe olú ìlú, àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ kò sì tó 20,000.

Ọ̀wọ́n omi ni ó bí gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 1961, ilé iṣẹ́ tuntun kan tí yóò máa fọ epo rọ̀bì ń fẹ́ omi púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni omi abẹ́ ilẹ̀ agbègbè náà kò sì pọ̀ tó. Ìgbìmọ̀ ìlú àti ilé ìfọ epo jọ dá àdéhùn pé kí a fa omi láti inú adágún tí a ń pè ní Tissø: ìgbìmọ̀ ni yóò ri ọ̀pá irin, ilé ìfọ epo ni yóò sì mú owó rẹ̀ wá. Ní 1972, àwọn kan tí ń ṣe pátákó ẹlẹ́fun tí a fi ń bo ògiri inú ilé wá tẹ̀dó sí ìtòsí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí lo gáàsì tí ilé ìfọ epo ì bá sun dànù. Ẹni tí ó bá ti rí iná tí ń jó tọ̀sán tòru lórí àwọn kànga epo ní Niger Delta yóò mọ irú iná tí a ń wí. Iná tí ì bá jó lásán wá ń gbẹ pátákó.

Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ Asnæs, tí ń fi èédú ṣe iná mànàmáná, ni ó wá di ìyá ọjà nínú ọ̀ràn yìí. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín. Bí a bá sun èédú láti fi ṣe iná mànàmáná, tí a sì pín agbára rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́wàá, nǹkan bí ọ̀nà mẹ́rin péré ni yóò di iná. Ìyókù a di ooru, a sì bá omi ìtutù lọ sínú òkun tàbí kí ó bá èéfín lọ. Ní 1981 ni a bẹ̀rẹ̀ sí fi ọ̀pá gbé ooru yìí wọ inú ìlú, tí omi gbígbóná sì ń mú ilé àwọn ènìyàn móoru. Òtútù wọn ní oṣù January kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ tiwa rárá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé tí ó ti ń ra epo sí ààrò tirẹ̀ sì pa ààrò náà. Ní 1982, ilé ìfọ epo àti ilé iṣẹ́ Novo, tí ń ṣe insulin fún àwọn alárùn àtọ̀gbẹ, bẹ̀rẹ̀ sí ra ooru omi híhó lọ́wọ́ Asnæs. Kí Novo tó ra ooru lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ni òun pẹ̀lú ti ń fún àwọn àgbẹ̀ ní ẹrẹ̀ tí ó ń kù nínú iṣẹ́ rẹ̀ láti fi ṣe ajílẹ̀. 1976 ni èyí bẹ̀rẹ̀. Ìwúkàrà tí ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀ nínú ṣíṣe insulin di oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀. Eérú èédú Asnæs di símẹ́ńtì. A tilẹ̀ sin ẹja nínú omi òkun tí ó ti gbóná.

Èyí tí ó yà wá lẹ́nu jù lọ ni ti èéfín. Imí-ọjọ́ ń bẹ nínú èédú. Bí a bá sun ún, imí-ọjọ́ náà a bá èéfín gòkè, a sì padà bá òjò sọ̀kalẹ̀ láti ba igbó àti adágún jẹ́. Kí èyí má bàa rí bẹ́ẹ̀, Asnæs gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ tí ń fi ẹfun àti omi fọ èéfín. Níbi tí ẹfun àti imí-ọjọ́ bá ti pàdé, ohun tí ń jáde ni gypsum, ohun náà gan-an tí àwọn oníṣẹ́ pátákó ti ń fi ọkọ̀ ojú omi kó wá láti ilẹ̀ Spéènì. Láti 1993 ni wọ́n ti ń rà á lọ́wọ́ aládùúgbò wọn. Ohun tí ì bá pa igi nínú igbó wá di ògiri ilé.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọlọ́gbọ́n kan ni ó jókòó ya àwòrán gbogbo èyí, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣìnà. Àdéhùn kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti ẹni méjì tí wọ́n jókòó, tí wọ́n ṣírò, tí olúkúlùkù sì rí èrè tirẹ̀. Ó di ìparí àwọn ọdún 1980 kí wọ́n tó gbójú sókè rí i pé ọ̀pá ti so gbogbo ìlú pọ̀, wọ́n sì fún un ní orúkọ kan tí a mú láti inú èdè Gíríìkì, èyí tí ó túmọ̀ sí gbígbé pọ̀. Ní 1989 kan náà ni Robert Frosch àti Nicholas Gallopoulos, tí wọ́n jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ General Motors, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Scientific American pé ó yẹ kí àwọn ilé iṣẹ́ máa gbé ayé bí igbó ti ń gbé e, níbi tí òkú ewé ti í di oúnjẹ fún ohun mìíràn. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ìjọba ti ń fẹ́ ṣe irú Kalundborg tiwọn. Ní Amẹ́ríkà, ní àwọn ọdún 1990, wọ́n yàwòrán púpọ̀ wọn sórí ìwé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò bọ́ sí i. Ní èrò tiwa, ohun tí ó sọnù níbẹ̀ kì í ṣe irin tàbí owó. Ìlú kékeré ni Kalundborg. Àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ibẹ̀ mọ ara wọn, wọ́n sì ń pàdé níbi tí kì í ṣe ibi iṣẹ́. Ọ̀gá tí ó bá sì ń fi ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa mọ́ bí ẹni fi àṣírí pa mọ́, báwo ni ẹlòmíràn yóò ṣe mọ̀ láti wá rà á?

Síbẹ̀ a kò gbọdọ̀ yin ọ̀ràn yìí kọjá bí ó ti yẹ. Ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé àjẹkù aládùúgbò rẹ̀, ọjọ́ tí aládùúgbò náà bá pa oúnjẹ dà, ebi yóò pa á. Ẹ̀rù kejì tún ń bẹ, tí àwa sì kà sí èyí tí ó tóbi jù: bí ìdọ̀tí bá ti di owó, ta ni yóò fẹ́ dẹ́kun àti máa dá a sílẹ̀? Èédú ni ó gbé ọ̀pọ̀ nínú ẹwà Kalundborg ró, èédú kan náà sì wà nínú àwọn ohun tí ń mú kí ayé máa gbóná sí i.

Ní òpin ọdún 2019, Asnæs fi èédú sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sun ègé igi dípò rẹ̀. Awuyewuye kò tán lórí èyí pẹ̀lú, nítorí igi tí a sun ní ọjọ́ kan lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kí òmíràn tó hù dí ipò rẹ̀. Kò sí gypsum nínú èéfín Asnæs mọ́, eérú èédú sì ti tán. Ṣùgbọ́n omi gbígbóná ṣì ń gba inú ọ̀pá wọ ilé àwọn ará ìlú, ooru omi híhó ṣì ń lọ sí ibi tí a ti ń ṣe insulin, ilé iṣẹ́ mìíràn sì ti wá dara pọ̀ mọ́ àwọn ti àtijọ́, tí wọ́n ń bi ara wọn léèrè ohun tí olúkúlùkù ń dà nù.