Bàálù Yín Já Sọ́gbà Onílé: Ta Ló Ni Ín?

Kò sí ẹni tó ń fi rìmóòtù darí bàálù kékeré tí tiẹ̀ kò ní sọnù lọ́jọ́ kan. Atẹ́gùn á gbé e, bátìrì á kú lójijì, tàbí kó jìnnà débi pé rìmóòtù ò ká a mọ́. Nílùú tí ilé ti fún mọ́ra bíi Èkó àti Ìbàdàn, inú ọgbà onílé ló lè já sí. Torí pé mo kàwé òfin, ìbéèrè táwọn ọ̀dọ́ àdúgbò máa ń bi mí ni pé: ta ló wá ni ín?

Ẹ̀yin náà lẹ ṣì ni ín. Pé nǹkan já bọ́ sórí ilẹ̀ ẹlòmíì kò sọ ọ́ di tiẹ̀. Lọ́dún 1722, ọmọ kan tó ń nu ihò èéfín nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí ohun ọ̀ṣọ́ olókùúta iyebíye kan he. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà, wọ́n sì kọ̀ láti dá òkúta rẹ̀ padà. Ilé ẹjọ́ dá ọmọ náà láre: ẹni tó rí nǹkan he lẹ́tọ̀ọ́ sí i ju gbogbo èèyàn lọ, àfi ẹni tó ni ín gan-an. Ẹjọ́ Armory àti Delamirie nìyẹn.

Abala 383 nínú Criminal Code Nàìjíríà wá fi ọ̀rọ̀ kan kún un tó yẹ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. Ẹni tó bá sọ ohun tó rí he di tiẹ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn olè, tí kò bá mọ ẹni tó ni ín, tó sì nídìí gidi láti gbà pé wọn ò lè rí onítọ̀hún. Ṣé ẹ rí i báyìí? Tí nọ́ńbà fóònù yín bá wà lára apá bàálù yẹn gàdàgbà, àwáwí wo ló kù? Ṣùgbọ́n tí kò bá sí nǹkan kan lára rẹ̀, ẹ̀yin gan-an lẹ fún un ní àwáwí.

Kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ onílé rárá, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tó já sí. Ẹ má sáré. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kó má baà jóná, àmọ́ ẹ má pa rìmóòtù. Ẹ wo igi tàbí òrùlé tó wà ní ọ̀gangan ibi tó ti pòórá, kí ọ̀rẹ́ yín tó dúró níbòmíì náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí ìlà ojú yín méjèèjì ti pàdé ni kẹ́ ẹ wá lọ. Tẹ́ ẹ bá súnmọ́ ọn, ẹ máa yí ọwọ́ rìmóòtù, ẹ lè gbọ́ kí ìrù rẹ̀ máa dún. Tí bátìrì bá ti wú tàbí tó ti lu, ẹ má kì í bọ àpò, ó lè gbiná.

Tó bá wá jẹ́ inú ọgbà ló wà, ẹ má fo fẹ́ǹsì. Bàálù jẹ́ tiyín lóòótọ́, ilé kì í ṣe tiyín. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ kan kan géètì bàbá àgbàlagbà kan ládùúgbò wa.

"Ẹ káàsán sà. Ẹ jọ̀ọ́, bàálù wa ló já sẹ́yìnkùlé yín."

"Ṣé kì í ṣe pé ẹ ń fi kámẹ́rà wo àwọn ará ilé mi?"

Ìbéèrè bàbá tọ̀nà. Abala 37 ìwé òfin ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ilé oníkálukú. Àwọn ọmọ náà fi hàn án pé kò sí kámẹ́rà lára rẹ̀, bàbá sì ní kí wọ́n wọlé wá mú un. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń ra bàálù tí ẹnì kan rí he lówó pọ́ọ́kú, tẹ́ ẹ ń fi aṣọ nu nọ́ńbà ara rẹ̀ kúrò, ẹ rántí pé ẹni tó gbépo lájà ò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀.

Kó tó di pé ẹ gbé tiyín jáde lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ẹ mú gègé, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà yín sí i lára.