Ta Ló Ni Fáìlì? Bí Àṣẹ Kíkà àti Kíkọ Ṣe Dé Inú Kọ̀ǹpútà

Nígbà ìkànìyàn RAVIP, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2017 tó sì wọ 2018, ìjọba Benin gba orúkọ àti àwòrán ojú àwọn ará ìlú sínú kọ̀ǹpútà. Kpankou, ọ̀kan nínú àróńdísímáà mẹ́fà tó wà lábẹ́ Kétu, kò gbẹ́yìn. Ìwé tó wà nínú àpótí ní ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Fáìlì ńkọ́? Ta ló ni ín, ta ló sì lè kà á?

Ìbéèrè yìí ti pẹ́. Ní 1961, Fernando Corbató àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní MIT, ní Amẹ́ríkà, fi CTSS han ayé, ètò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè jọ lò lórí kọ̀ǹpútà kan lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n fún oníkálukú ní ọ̀rọ̀ aṣínà. Ṣùgbọ́n ní 1962, Allan Scherr, akẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀, rí ọgbọ́n dá tí ẹ̀rọ fi tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà náà jáde fún un. Ní 1966, àṣìṣe kan tún gbé wọn síta fún gbogbo ẹni tó wọlé, níbi tó yẹ kí ìkéde ọjọ́ náà wà. Ó hàn gbangba pé ìṣọ́ ẹnu ọ̀nà nìkan kò tó. Fáìlì kọ̀ọ̀kan nílò òfin tirẹ̀.

Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ Unix ní Bell Labs ní 1969. Ìwé atọ́nà rẹ̀ àkọ́kọ́, ti oṣù kọkànlá 1971, ti ya ẹni tó ni fáìlì sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù. Ẹni tó dá fáìlì sílẹ̀ ló ni ín. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ wọlé sáàárín, àwọn tí òfin kàn sì di mẹ́ta. Àṣẹ kíkà jẹ́ 4, kíkọ 2, lílò bí ètò iṣẹ́ 1; a ń ro wọ́n pọ̀ di nọ́ńbà kan fún oní-nǹkan, kan fún ẹgbẹ́, kan fún àwọn yòókù. Ní 1979, ẹ̀dà keje Unix mú umask wá, tó ń yọ àṣẹ kúrò lára fáìlì tuntun. Bí umask bá jẹ́ 022, fáìlì lásán yóò gba 644: oní-nǹkan lè kà, ó lè kọ, àwọn yòókù lè kà nìkan. Linux jogún ètò yìí ní 1991.

Ọ̀rọ̀ náà tún le sí i bí kọ̀ǹpútà kan bá ń ṣiṣẹ́ nínú òmíràn. IBM ti ń ṣe irú kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ láti 1967. Linux gba KVM, ètò tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, wọlé ní 2007. Fáìlì ńlá kan lórí ẹ̀rọ agbàlejò ni gbogbo dísíkì irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́. Ará Kétu mọ̀ pé yàrà àti ògiri ìlú kò ní gba ẹnikẹ́ni là bí ẹnubodè Akaba Idena bá ṣí sílẹ̀. Bákan náà, bí ẹnikẹ́ni lórí ẹ̀rọ agbàlejò bá lè ka fáìlì ńlá náà, tí a kò sì fi àrokò dí i, òfin tó wà nínú rẹ̀ kò lè dá a dúró.

Òfin ẹgbẹ́ tún hàn nínú VirtualBox, ètò mìíràn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà: bí ó bá fúnra rẹ̀ so àpò tí ẹ̀rọ méjèèjì jọ ń lò mọ́ Linux, yóò fi í sábẹ́ root, alábòójútó ẹ̀rọ, àti ẹgbẹ́ vboxsf, pẹ̀lú 770. Ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ náà kò ní wọlé. Inú a máa bí ọ̀pọ̀ ènìyàn sí èyí, wọn a sì sáré kọ 777 sí fáìlì wọn, èyí tó fún gbogbo ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ láǹfààní àtikà, àtikọ àti àtilò. Ohun tó tọ́ ni kí wọ́n wọ ẹgbẹ́.

Òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin 2018 ti sọ ààbò ìsọfúnni ará ìlú di dandan ní Benin, àjọ APDP sì ń ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó jókòó ti ẹ̀rọ ni òfin ti ń di iṣẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Kpankou àti Kétu tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ẹni tó ni fáìlì àti ẹni tó lè kà á kí ẹ tó kó orúkọ ọmọlàkejì sínú rẹ̀.