Ìwọ̀n Òṣùpá: Níbo Ni Àṣìṣe Ti Ń Wọlé?

Ẹni tó bá ti ra aṣọ rí lọ́jà Onitsha mọ̀ pé ọwọ́ ẹni tó ń wọn aṣọ là ń ṣọ́, kì í ṣe ọ̀pá yáàdì. Bó bá fa aṣọ náà le, yáàdì mẹ́fà á pé lójú rẹ. Bó o bá délé, á sún kì. Lésà tí wọ́n fi ń wọn ọ̀nà òṣùpá náà ní ohun tó ń fà á.

Ní oṣù keje ọdún 1969, àwọn tó bá Apollo 11 lọ gbé awo kan kalẹ̀ lórí òṣùpá. Ègé dígí 100 ló wà lójú rẹ̀, tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà síbi tó ti wá. Wọ́n á yin lésà lu awo náà, wọ́n á ka àkókò tó fi lọ tó fi bọ̀: nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì ààbọ̀, fún kìlómítà tó sún mọ́ 384,400. Bí aago bá fi ìdá kan péré nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá ṣì í kà, sẹ̀ǹtímítà 15 ti bá a lọ.

Afẹ́fẹ́ ni ọwọ́ tó ń fa aṣọ yìí. Ó ń fa ìmọ́lẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ọ̀nà á wá dà bíi pé ó fi nǹkan bíi mítà méjì gùn sí i. Ìyẹn ṣeé yọ, bí wọ́n bá ti mọ bí ooru àti ìwúwo afẹ́fẹ́ ibùdó wọn ṣe rí. Ilẹ̀ náà kì í dúró jẹ́ẹ́: bí òṣùpá ṣe ń fa òkun ló ń fa àpáta. Lónìí yìí, Odò Ọya, afárá tó wà lórí rẹ̀ àti Asaba lódìkejì ti gòkè, wọ́n sì ti sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀pọ̀ sẹ̀ǹtímítà. Ta ló mọ̀ ọ́n lára?

Èyí tó le jù wà lórí òṣùpá fúnra rẹ̀. Ó máa ń mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń tòògbé. Bó bá ti yí, igun kan lára awo á sún mọ́ wa ju èkejì lọ. Ìmọ́lẹ̀ tó padà wá kò sì ní àmì lára tí a ó fi mọ igun tó ti wá. Àfi kí wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ jọ, kí wọ́n wá ibi tí àárín wọn wà. Bí ibùdó Apache Point ní New Mexico ṣe sún àṣìṣe náà mọ́ mìlímítà kan nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kíkó wọn jọ kò rọrùn. Alẹ́ tí òṣùpá bá mọ́lẹ̀ rokoṣo, tí àwọn ọmọdé ń ṣeré lábẹ́ rẹ̀, ni ìmọ́lẹ̀ tó ń padà máa ń kéré jù. Eruku ni wọ́n fura sí: oòrùn ń gbóná lù ú lójú awo. Ní December 2010, nígbà tí òjìji ayé bo òṣùpá, ìmọ́lẹ̀ náà tún pọ̀ padà.