Nígbà Tí Àhesọ Bá Dé Pé Wọ́n Fẹ́ Ta Ilé Iṣẹ́

Irú ìwé kan wà tí ó máa ń jáde léraléra láti inú àpótí ìbéèrè àdúrà ní àwọn ìjọ wa ní Èkó àti Ìbàdàn. Kò ní orúkọ lórí. Ohun tí a kọ sínú rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: kí ìjọ bá òun gbàdúrà nítorí iṣẹ́ òun. Ẹni tí ó kọ ọ́ lè jẹ́ alága ìkórè ọdún náà gan-an, ẹni tí ìjọ gbójú lé nítorí pé ó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì tàbí ní ilé iṣẹ́ òyìnbó. Kò lè sọ fún àlùfáà rẹ̀ pé oorun ti dá lójú òun láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, nítorí àhesọ tí ó gba ibi iṣẹ́ kan pé wọ́n fẹ́ ta ẹ̀ka tí òun wà, àti pé àwọn tí yóò rà á kò nílò gbogbo òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá níbẹ̀.

A rò pé ó tọ́ kí a la ọ̀rọ̀ yìí yé ara wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa, àti ọmọ ìjọ àti àlùfáà, ni kò mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nígbà tí a bá ta ilé iṣẹ́, tàbí ohun tí òṣìṣẹ́ lè ṣe kí ìwé gbélé-ẹ tó dé ọwọ́ rẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀gá àgbà ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́. Awakọ̀ ọ̀gá a sábà máa gbọ́ kí àwọn ọ̀gá kéékèèké tó gbọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn àlejò tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé pẹ̀lú kọ̀ǹpútà alágbèéká, tí wọn yóò máa béèrè ìwé, tí wọn yóò máa ka ọkọ̀ àti ẹ̀rọ. Ìgbéga tí wọ́n ti ṣèlérí yóò dúró. Bí ẹnì kan bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọn kò ní gba ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì béèrè ohun tí ń ṣẹlẹ̀, wọn yóò ní kí ó lọ máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ níhìn-ín: ìdákẹ́jẹ́ àwọn aláṣẹ kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ìwà ìkà. Ẹni tí ó fẹ́ tà àti ẹni tí ó fẹ́ rà a máa tọwọ́ bọ ìwé pé àwọn kò ní sọ ọ̀rọ̀ náà síta kí àdéhùn tó parí. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tí ó ní owó ilé ìwé láti san ní oṣù Kẹsàn-án kò mọ èyí. Ìdákẹ́jẹ́ ni òun ń rí, ọkàn rẹ̀ a sì máa fi ohun tí ó burú jù lọ dí àlàfo náà.

Àwọn kan nínú wa a máa sọ pé irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ kò yẹ onígbàgbọ́. Àwa kò lè sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ojú wa ti rí i ní ilẹ̀ yìí. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Soludo, tí ó jẹ́ gómìnà báńkì àpapọ̀ nígbà náà, kéde pé owó ìpìlẹ̀ tí báńkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní yóò kúrò ní bílíọ̀nù 2 náírà, yóò sì di bílíọ̀nù 25. Ó fún wọn di òpin ọdún 2005. Báńkì 89 ni ó wà nígbà tí ó sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọjọ́ pé, 25 ni ó kù. Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí báńkì mẹ́ta bá di ọ̀kan, a kò nílò olórí ìṣirò owó mẹ́ta mọ́, bẹ́ẹ̀ ni níbi tí ẹ̀ka méjì bá ti kọjú síra lójú títì kan náà, ọ̀kan yóò ti ilẹ̀kùn.

Kò tán síbẹ̀. Ẹ wo ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Afribank. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ìjọba gba báńkì náà, ó sì di Mainstreet Bank. Ní ọdún 2014, Skye Bank rà á. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, báńkì àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ Skye, Polaris Bank sì bọ́ sí ipò rẹ̀. Ní ọdún 2022, wọ́n ta Polaris náà fún olówó mìíràn. Òṣìṣẹ́ tí ó bá la gbogbo rẹ̀ já ti gbé káàdì ìdánimọ̀ mẹ́rin kọ́rùn, bóyá láìkúrò lórí àga kan náà. Ti àwọn ará Spring Bank tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó di Enterprise Bank ní ọdún 2011, Heritage Bank rà á lẹ́yìn náà, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ Heritage ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2024. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024 kan náà ni báńkì àpapọ̀ tún gbé owó ìpìlẹ̀ sókè, ó di bílíọ̀nù 500 náírà fún àwọn tí ó ní àṣẹ láti ṣòwò dé òkè òkun, wọ́n sì fún wọn di ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2026. Lẹ́yìn ohun tí wọ́n ti rí ní ọdún 2005, ta ni yóò bá àwọn òṣìṣẹ́ wí bí àyà wọn bá já?

Ilé iṣẹ́ ńlá náà kò gbẹ́yìn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Procter & Gamble kéde pé òun kò ní máa ṣe ọjà ní Nàìjíríà mọ́, pé òun yóò máa kó o wọlé láti òkè òkun ni.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí a fẹ́ kí òṣìṣẹ́ wádìí ni èyí: kí ni wọ́n ń tà gan-an? Ọ̀nà méjì ni ó wà, wọn kò sì jọra. Nígbà mìíràn, ìpín ìdókòwò ni a ń tà. Nígbà tí Shell kéde ní oṣù Kìíní ọdún 2024 pé òun yóò ta SPDC, ilé iṣẹ́ rẹ̀ tí ó ń wa epo lórí ilẹ̀ ní Nàìjíríà, fún Renaissance, odindi ilé iṣẹ́ náà ni ó tà, ó sì sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ SPDC yóò ṣì máa jẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ lábẹ́ olówó tuntun. Títà náà parí ní oṣù Kẹta ọdún 2025. Nínú irú títà báyìí, agbanisíṣẹ́ kò yí padà. Ẹni tí ó ni ín ni ó yí padà. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ ṣì ń ṣiṣẹ́, ọdún iṣẹ́ kò sì já. Èyí kò sọ pé olówó tuntun kò lè dín òṣìṣẹ́ kù lẹ́yìn ọ̀la, ṣùgbọ́n títà náà fúnra rẹ̀ kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹ̀ka kan ṣoṣo ni a ń tà, pẹ̀lú ẹ̀rọ àti ilẹ̀ rẹ̀. Níbẹ̀ ni agbanisíṣẹ́ ti yí padà ní tòótọ́. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, ní ìpín 10, sọ pé a kò lè gbé àdéhùn iṣẹ́ láti ọwọ́ agbanisíṣẹ́ kan sí òmíràn àfi bí òṣìṣẹ́ bá gbà, tí aṣojú ìjọba tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì fọwọ́ sí i. Kí ẹni tí wọ́n bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ síwájú rẹ̀ béèrè pé: ṣé ọdún tí mo ti lò yóò bá mi lọ, àbí ẹni tuntun ni wọn yóò kà mí sí? Nínú ìdáhùn yìí ni owó ogún ọdún lè wà.

Bí ó bá wá di pé òṣìṣẹ́ pọ̀ jù, ìpín 20 òfin náà ní kí agbanisíṣẹ́ sọ ìdí rẹ̀ àti iye tí yóò kàn fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ẹni tí ó dé kẹ́yìn ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè wo ìmọ̀, agbára àti ìwà tí ó ṣeé gbára lé. Ó tún ní kí wọ́n sa gbogbo ipá láti bá wọn jíròrò lórí owó tí àwọn tí ń lọ yóò gbà. Òfin yìí ní ààlà: àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn akọ̀wé ni ó dìídì dáàbò bò. Ọ̀gá àti àwọn amọṣẹ́dunjú gbọ́dọ̀ wo inú ìwé ìgbanisíṣẹ́ wọn. Mélòó nínú wa ni ó mọ ibi tí ìwé yẹn wà nínú ilé?

Ohun kan wà tí ó ń dùn wá púpọ̀. Wọn a máa pe òṣìṣẹ́ wọ ọ́fíìsì kan ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, wọn a ní kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé pé òun fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí orúkọ rẹ̀ má baà bàjẹ́. Ojú á tì í, ẹ̀rù á bà á, á sì tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹni tí ó bá fúnra rẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀ kì í ṣe ẹni tí a dín kù mọ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì lè ti ibẹ̀ sọnù. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ènìyàn sọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ sílé kí n kà á." Agbẹjọ́rò kò wọ́n nínú ìjọ wa, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá wa kà á.

Ní ti owó ìfẹ̀yìntì, òfin ọdún 2014 gba ẹni tí kò tíì pé 50 ọdún, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì rí òmíràn láàárín oṣù mẹ́rin, láyè láti gba ohun tí kò ju ìdá mẹ́rin owó tí ó wà ní àkáǹtì rẹ̀. Oṣù mẹ́rin kì í ṣe ọjọ́ mẹ́rin. Kí ẹni tí àhesọ ń dà láàmú má ṣe yá owó tuntun nísinsìnyí, kí ó sì mọ iye tí ó kù lọ́rùn rẹ̀, nítorí inú owó ìkẹyìn ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti ń yọ gbèsè wọn.

Ní ilé ńkọ́? A ti gbọ́ nípa ọkọ tí ó ń wọ aṣọ iṣẹ́ láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti bọ́, tí ó ń lọ jókòó sí ọgbà ìkàwé títí di ìrọ̀lẹ́, nítorí kò mọ bí òun yóò ṣe sọ fún ìyàwó rẹ̀. Kì í ṣe ìyàwó náà ni ó ń bẹ̀rù. Ohun tí ìjọ yóò sọ ni ó ń bẹ̀rù. Nígbà tí àlùfáà bá ń wàásù ní ọjọ́ ìdúpẹ́ pé ẹni tí ó ń san ìdámẹ́wàá kì í pàdánù iṣẹ́, kí ni kí ọkùnrin yìí rò nípa ara rẹ̀? Àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run wa, ẹ dákun, odò Kérítì gbẹ nígbà tí Èlíjà ṣì wà létí rẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí ẹ̀ṣẹ̀ Èlíjà. Ìríjú inú Lúùkù orí 16 náà, nígbà tí ó gbọ́ pé a óò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun, jókòó, ó sì ro ohun tí yóò ṣe kí ọjọ́ náà tó pé. A kò ní kí ẹnikẹ́ni fara wé jìbìtì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lo àkókò tí ó kù fún un.

Bẹ́ẹ̀ ni ìjọ náà lè lo àkókò. Ní ìpàdé àárín ọ̀sẹ̀ kan, a lè pe agbẹjọ́rò kan àti ẹnì kan tí ó mọ ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì láti bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀, láìbéèrè orúkọ ilé iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Kí àwọn ìgbìmọ̀ ìkórè sì lọ bá ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ṣe alága nílé rẹ̀ lálẹ́, kí wọ́n bi í léèrè bí nǹkan ṣe ń lọ sí, kí wọ́n tó tẹ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé ìpè.