Kí Ẹ Tó Ra Ìbọn Ọdẹ Àlòkù

Ìtàn sọ pé ọdẹ kan tó ń jẹ́ Huraka ló tẹ Ẹ̀pẹ́ dó. Títí di òní, ọdẹ kò tíì tán nínú igbó Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú. Àgbẹ̀ tí ọ̀yà ń jẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ní Ìmọ́tà tàbí ní Èjìnrìn mọ ìdí rẹ̀. Tí ẹnìkan bá wá gbé ìbọn àtijọ́ tó ti dípẹtà síwájú yín, tó ní kí ẹ mú owó díẹ̀ wá, ẹ fara balẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè irú ìbọn tó jẹ́ àti ìwé rẹ̀.

Òfin ìbọn ilẹ̀ wa, tí wọ́n ṣe ní 1959, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀nà kìíní ni èyí tó jẹ́ èèwọ̀ fún ará ìlú. Ibẹ̀ ni ìbọn ogun wà, ibẹ̀ náà ni ìbọn ìléwọ́ wà, títí kan revolver, ìyẹn ìbọn ìléwọ́ oníyípo, èyí tí ilé ọta rẹ̀ máa ń yí bí wọ́n bá ti ń yìn ín. Tí wọ́n bá ká a mọ́ yín lọ́wọ́ láìsí àṣẹ Ààrẹ, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò dín ní ọdún 10. Bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó, ẹ má rà á, ẹ má sì bá ẹnikẹ́ni tún un ṣe.

Ó lè jẹ́ inú àpótí bàbá àgbà tó ti kú ni ẹ ti rí ìbọn ìléwọ́ oníyípo. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ má sì gbé e sínú báàgì pé ẹ fẹ́ lọ fi lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, torí wọ́n lè dá yín dúró lójú ọ̀nà. Ẹ ti yàrá náà pa, ẹ mú lọ́yà tàbí àgbà àdúgbò dání lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí wọ́n wá gbé e fúnra wọn.

Ọ̀nà kejì ni ìbọn ọdẹ tó ń lo kátíríìjì. Ọ̀nà kẹta ni ṣakabùlà, èyí tí à ń ti ẹnu rẹ̀ ki ẹ̀tù àti ọta. Àwọn méjèèjì ló ń fẹ́ ìwé àṣẹ ọlọ́pàá. Wọn kì í fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Orúkọ ẹni tí wọ́n fún ló wà lára ìwé náà. Tiyín ni kí ẹ gbà kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Tí ìwé bá ti pé, ó ku ṣakabùlà fúnra rẹ̀. Ẹ gbà pé ẹ̀tù ṣì wà nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ ti pé ogún ọdún tó ti wà lórí àjà. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, ẹ rọra ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ wọlé títí yóò fi dúró, ẹ sàmì sí i, kí ẹ wá fà á yọ. Ẹ tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin gígùn ìbọn náà lóde. Tí ọ̀pá náà kò bá dé ibi ihò kékeré tí iná ń gbà wọlé, nǹkan wà nínú ibẹ̀. Ẹ má yìn ín dànù. Ẹ da omi sí i kí ẹ̀tù náà rin, kí ẹ ránṣẹ́ pe alágbẹ̀dẹ tó mọ iṣẹ́ ìbọn.

Tó bá ṣófo, ẹ wo irin gígùn náà láti ìdí dé ẹnu nínú oòrùn. Ẹ fi ìka tọ̀ ọ́. Ibi tó wú, ibi tó sán, tàbí ibi tí wọ́n ti jó pọ̀, níbẹ̀ ni yóò ti bẹ́ mọ́ ẹni tó bá yìn ín lójú. Páìpù omi ni àwọn kan fi ṣe tiwọn. Irú èyí kò ṣeé tún ṣe. Ẹ dá a padà. Ẹ wo igi ìdí rẹ̀ náà, bóyá ikán ti jẹ ẹ́.

Èérí ẹ̀tù ló máa ń ba ṣakabùlà jẹ́ jù. Ó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra bí iyọ̀ tí a ṣí sílẹ̀ lásìkò òjò, afẹ́fẹ́ etí ọ̀sà wa sì tutù. Epo nìkan kò lè fọ èérí yìí. Ẹ tú irin kúrò lára igi, ẹ da omi gbígbóná àti ọṣẹ sínú rẹ̀, ẹ fi àkísà tí a wé mọ́ ọ̀pá fọ̀ ọ́ títí omi yóò fi mọ́. Ẹ fi ìyẹ́ adìyẹ gún ihò kékeré náà.

Ẹ nù ún gbẹ kíákíá, kí ẹ fi epo ẹ̀rọ ìránṣọ ra inú àti òde rẹ̀. Epo pupa kò dára fún un, torí ó máa ń dì. Ní ti ìpẹtà òde, ẹ fi epo rin ín mọ́jú, kí ẹ fi àkísà líle ha á. Ẹ má fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́, torí irin yóò fẹ́lẹ́.

Ẹ jẹ́ kí àgbà kan nínú ẹgbẹ́ ọdẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó yìn ín lẹ́ẹ̀kíní. Lẹ́yìn náà, ẹ máa tọ́jú rẹ̀ ní òfìfo, nínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́, kí ẹ̀tù wà lọ́tọ̀, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé.